Ohun Tí Mo Kó Sínú Fáìlì

Ọ̀gá mi ní láàbù, Dókítà Olúwatúyì,
ní kí n kó ẹ̀rí iṣẹ́ mi jọ kí sáà tó parí.
"Ìwọ tí ò ń bá mi kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní,
bí wọ́n bá bi ọ́ lọ́la pé kí lo kọ́ wọn,
kí lo máa nà sí wọn? Ahọ́n?"

Mo ra fáìlì kan ní Àpátápìtì, ẹgbẹ̀rin náírà,
aláwọ̀ búlúù, ogún àpò rọ́bà nínú.
Mo gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wò ó,
ó ń wò mí bí ọmọ tí ebi ń pa.

Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjìlá: wọlé.
Ìbéèrè tí mo fúnra mi gbé kalẹ̀, tòun tìdáhùn: wọlé.
Ohun tí àwọn ọmọ kọ nípa mi, tí wọn ò forúkọ sí:
"Àǹtí ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀."
Èyí náà, wọlé.
"Ó dáa." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn, Akínfẹ́múṣọ̀ọ́ ni,
ẹni tí kì í yin nǹkan kan láyé àfi oorun.

Níbo wá ni mo fẹ́ fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn sí,
tí Mofolúṣọ́ da sóbò sí kóòtù funfun rẹ̀?
Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, àbàwọ́n pupa di aláwọ̀ ewé,
omi lé sí i lójú, ó ní ọṣẹ ayédèrú ni wọ́n tà fóun.
Mo ní, "Má fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ̀yin tó kù, ẹ súnmọ́ bí."
Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Pupa padà dé.
Ohun tí ìwé fi ojú ewé mẹ́rin rò,
kóòtù ẹlẹ́gbin kan rò ó tán ní ìṣẹ́jú kan.
Àwọn mọ́kànlélógún ló ké "Háà!" lẹ́ẹ̀kan náà.
Ṣé wọ́n ń fi "Háà" sínú àpò rọ́bà?

Ọ̀sẹ̀ keje ńkọ́?
Mo kọ ìṣirò kan sójú pátákó,
mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo gbé àṣìṣe síwájú wọn,
wọ́n dà á kọ. Ìwé mọ́kànlélógún.
Òru ni mo tó rí i. Òjò Àkúrẹ́ ń na páànù,
èmi náà ń na ara mi.
Ilẹ̀ mọ́, mo dúró: "Tàná yẹn, ẹ pa á rẹ́. Èmi ni mo ṣì í."
Ẹnìkan rẹ́rìn-ín.
Mofolúṣọ́ nawọ́: "Àǹtí, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ẹ ṣì í?"
Gbogbo sáà, n kò gbọ́ ìbéèrè tó jù ú lọ.

Wọ́n tún ní kí n kọ ohun tí mo gbà gbọ́ nípa ìkọ́ni.
Èdè wa ò tilẹ̀ ràn mí lọ́wọ́:
ẹni tó ń mọlé, ó ń kọ́ ọ,
ẹni tó dúró níwájú ọmọ, ó ń kọ́ ọ,
ọmọ tó jókòó, òun náà ń kọ́ ọ.
Èwo gan-an ni tèmi níbẹ̀?
Mo gbé bírò pé kí n kọ ọ́. Ọwọ́ kọ̀.

Nígbà tó gbà tán, mo lọ tẹ̀ ẹ́ ní ẹnubodè Gúúsù.
Ẹ̀rọ ń pọ̀ ọ́ jáde, wọ́n mú iná lọ.
"Mo gbà gbọ́ pé olùkọ́"
ló jáde. Ìyókù há sí ikùn ẹ̀rọ.
N kò dúró de jẹnẹrétọ̀.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi í sí i.

Dókítà ń ṣí i bí ẹni tó ń ka owó.
Ó dé ọ̀sẹ̀ keje, ó bọ́ dígí ojú rẹ̀.
"Ta ló ní kí o fi eléyìí síbí?"
"Kò sẹ́ni, sà."
Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣí i dópin.
"Àpò kan ṣófo lẹ́yìn."
"Bẹ́ẹ̀ ni, sà.
Kóòtù ni mo fẹ́ fi síbẹ̀.
Kò gbà á."